Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo la ṣe lè gbé ìjọba Aztec kalẹ̀ nínú géèmù ogun òun ìṣèlú?

Olùbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Géèmù orí máàpù là ń ṣe, irú èyí tí èèyàn ti ń darí odidi ìjọba fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún: ogun, owó, ìgbéyàwó ọba, gbogbo rẹ̀ pátá. Apá Mẹ́síkò ló há mi lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1428, nígbà tí ìlú mẹ́ta, Tenochtitlan (olú-ìlú Aztec), Texcoco àti Tlacopan, pawọ́ pọ̀ ṣẹ́gun ìlú Azcapotzalco, ó sì parí ní 1521. Oṣù kan ni ìṣísẹ̀ kan.

Ìlànà tí a fi ṣe Sípéènì la fi ṣe Aztec náà: ṣẹ́gun ìlú, gbà á mọ́ tìẹ, gba owó orí. Nígbà tó bá fi máa di 1460, ẹni tó ń gbá a ti gba gbogbo máàpù tán. Tí Cortés, ọ̀gágun Sípéènì, bá wá dé ní 1519, yálà kí wọ́n pa òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ láàárín oṣù kan, tàbí ká kọ ọ́ sínú kóòdù pé Aztec gbọ́dọ̀ ṣubú dandan, èyí tí ẹni tó ń gbá a kò ní fẹ́ rí. Ìrúbọ èèyàn ńkọ́? Òǹkà kan tó ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀ la fi ṣe é, kò sì nítumọ̀. Kí la máa yí padà?

Ọmọ Ìtàn:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. "Gbà á mọ́ tìẹ" yẹn gan-an ni wàhálà. Yọ ọ́ kúrò. Ìjọba wọn kì í jẹ ilẹ̀, ìsákọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Tí wọ́n bá ṣẹ́gun altepetl kan, ìyẹn ìlú tó ní ọba tirẹ̀, ọba náà sábà máa ń wà lórí oyè, wọ́n sì ń bọ òrìṣà wọn lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìlú náà á máa san ọjà kan pàtó, calpixqui á sì wà níbẹ̀ tí á máa gbà á. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ tí Ọ̀yọ́ ń fi sí ìlú tó ń sìn ín ni iṣẹ́ calpixqui.

Fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní òǹkà mẹ́ta láti 0 dé 100: Ẹ̀rù, Àǹfààní, Ìbínú. Ẹ̀rù máa ń ga sí i tí ọmọ ogun rẹ bá kọjá nítòsí tàbí tí o bá ṣẹ́gun aládùúgbò wọn, kó sì máa fi 1 dín lóṣooṣù. Àǹfààní ń ti ọjà, ẹ̀bùn àti ìgbéyàwó wá. Ìbínú ń ti ìsákọ́lẹ̀ wá. Tí Ìbínú bá ti ju àròpọ̀ méjì yòókù lọ, ìlú náà á lé ajẹ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n pa á. Ẹni tó ń gbá géèmù náà kò ní ráyè sùn, nítorí pé ìlú tó ti ṣẹ́gun lánàá lè ṣọ̀tẹ̀ lọ́la, bó sì ṣe rí fún wọn gan-an nìyẹn; àwọn ìlú kan wà tí ọba mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣẹ́gun.

Má fi owó kan ṣoṣo ṣe ìsákọ́lẹ̀. Codex Mendoza, ìwé àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn tí Sípéènì dé, to ẹkùn 38 pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san. Tochtepec ń san bọ́ọ̀lù rọ́bà 16,000. Xoconochco, ní ọ̀nà Guatemala òde òní, ń san kòkó, ìyẹ́ ẹyẹ àti awọ jaguar. Oúnjẹ àti ẹ̀wù ogun ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, aṣọ òwú sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: aṣọ òwú ni owó ńlá, kòkó ni ṣẹ́ńjì, ẹ̀wù ogun oníyẹ̀ẹ́ lo fi ń dá akọni lọ́lá. Tí ìlú tó ń san ìyẹ́ bá ṣọ̀tẹ̀, kí àwọn ọ̀tọ̀kùlú rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ohun tó bá wọlé, ìdá márùn-ún ni wọ́n ń pín in sí: méjì fún Tenochtitlan, méjì fún Texcoco, ọ̀kan fún Tlacopan. Jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a lè fọwọ́ kan ìpín náà. Owó á wọlé o, ṣùgbọ́n Ìbínú Texcoco á máa ga, èyí á sì di ọ̀ràn lẹ́yìn 1515.

Ìgbà tí ọba bá wàjà ló yẹ kí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a gbọ̀n jù. Kí Ẹ̀rù gbogbo ìlú já wálẹ̀ ní 40 lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ á yan ẹlòmíì nínú ìdílé ọba, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọmọ: Axayacatl, Tizoc àti Ahuitzotl tó jẹ tẹ̀léra wọn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Ọba tuntun gbọ́dọ̀ jagun ìwúyè, kó sì mú ìgbèkùn wálé. Ní 1481, Tizoc kọlu ìlú Metztitlan. Ìgbèkùn 40 ló mú wálé, èèyàn 300 ló pàdánù. Kò lo ju ọdún márùn-ún lọ lórí oyè. Ahuitzotl tó tẹ̀ lé e ló na ọwọ́ ìjọba dé Xoconochco. Fi èyí ṣe ìdánwò: tí ìgbèkùn bá kéré, Ẹ̀rù kò ní padà sókè, ọ̀tẹ̀ á sì máa bẹ́ sílẹ̀ káàkiri.

Onímáàpù:

Òótọ́ ni Ọmọ Ìtàn sọ, àmọ́ ìsákọ́lẹ̀ ò ní nítumọ̀ tí ẹ ò bá ka ẹsẹ̀ alárù sí. Kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sí màlúù, kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Tlameme, ìyẹn alárù, ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 23, ìrìn òòjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 23. Ẹ fún un ní kílò àgbàdo kan lóòjọ́ nínú géèmù. Tó bá rin ọjọ́ 5, ìyẹn kìlómítà 115, tó sì padà, ó ti jẹ kílò 10, kílò 13 ló ṣẹ́ kù. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 10 ni, kílò 3 ló kù. Tó bá di ọjọ́ 12, alárù ti jẹ ẹrù tán.

Ìyẹn ni pé àgbàdo kò lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Ohun tó níye lórí tí kò sì wúwo, bí ìyẹ́, kòkó, wúrà àti òkúta aláwọ̀ ewé, ló lè ti Xoconochco wá. Tí kóòdù yín bá ń gbà kí gbogbo ìlú rán oúnjẹ wá sí olú-ìlú, ẹ ti ba géèmù yẹn jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Adágún tó yí Tenochtitlan ká nìkan ló yàtọ̀. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ń gbé ẹrù ọ̀pọ̀ alárù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí owó ìrìn lórí omi jẹ́ ìdá mẹ́wàá ti orí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú tó wà létí adágún fi ṣe pàtàkì ju ìlú ńlá tó jìnnà lọ.

Chinampa, ìyẹn oko tí wọ́n fi ẹrẹ̀ kọ sínú omi, pọ̀ jù ní Xochimilco àti Chalco ní gúúsù, níbi tí omi ò ti níyọ̀. Ẹ má fi í ṣe ilé tí wọ́n lè kọ́ síbi gbogbo. Ìlà oòrùn adágún níyọ̀. Àfi tí wọ́n bá kọ́ odi omi. Nezahualcoyotl, ọba Texcoco, kọ́ odi tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 16 fún Tenochtitlan lẹ́yìn tí omi ya wọ̀lú. Ẹ sọ odi náà di iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ìlú abẹ́. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ, ìkún omi ń dúró dè é. Ẹni tó bá fà jù náà á gbà tiẹ̀: Ahuitzotl fa omi láti Coyoacan wọ ìlú, omi náà pọ̀ jù, ó sì ba ilé jẹ́ lọ rẹpẹtẹ.

Ẹ fi ìyàn 1450 sí 1454 síbẹ̀ pẹ̀lú. Òtútù àti ọ̀dá pa irè oko, àwọn èèyàn sì ń ta ara wọn àtọmọ wọn fún àwọn Totonac etíkun torí àgbàdo. Nínú géèmù, ẹni tó bá ti kó oúnjẹ ọdún méjì pa mọ́ á rí i gbé e gbà. Ẹni tí kò bá ní, èèyàn rẹ̀ á ṣí lọ.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìṣirò alárù yẹn nìkan ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ogun wá ńkọ́? Bọ́tìnnì "ogun òdòdó" (ogun àdéhùn tí wọ́n fi ń mú ìgbèkùn) wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré lẹni tó ń gbá a ń tẹ̀ ẹ́, torí kò rí èrè kankan. Ìrúbọ náà ń kọ́?

Jagunlabí:

Ìṣirò alárù náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ogun. Xiquipilli kan jẹ́ ọmọ ogun 8,000. Kílò kan lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹrù alárù bíi 350 nìyẹn lójoojúmọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé oúnjẹ ogun oṣù méjì láti ilé. Ìlú tó wà lójú ọ̀nà ló ń bọ́ wọn. Nítorí náà, ogun kò gbọdọ̀ kọjá ju ìrìn ọjọ́ mẹ́jọ lọ láìkan ìlú tó máa fún un lóúnjẹ. Ìlú tó bá bọ́ wọn, Ìbínú rẹ̀ fi 5 ga. Ìlú tó bá kọ̀, ogun dúró síbẹ̀, tàbí kó yí padà sí ìlú náà. Ẹ̀yìn ìkórè ni wọ́n sì ń jagun, ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀: ẹ jẹ́ kó jẹ́ oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin. Ẹni tó bá kó ogun jáde nígbà òjò, kí ìrìn rẹ̀ dín sí ìdajì, kí ìkórè ọdún náà sì dín, torí àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀.

Ìgbèkùn ni àkàbà oyè. Ẹni tó bá mú mẹ́rin ti di tequihua, akọni tó ń lo ẹ̀wù àti ohun ọ̀ṣọ́ tí mẹ̀kúnnù ò gbọdọ̀ lò. Nínú kóòdù ogun, ẹ má ka òkú nìkan. Ẹ yọ ìgbèkùn sọ́tọ̀. Kí ìgbèkùn máa sọ ọmọ ogun tuntun di akọni. Ìgbà yẹn ni ogun òdòdó máa nítumọ̀: wọ́n ti fẹnu kò sí ọjọ́ àti ibi, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà, ìhà méjèèjì ń rí ìgbèkùn àti ìrírí, wọ́n sì ń pàdánù ọmọ ọlọ́lá. Ẹni tí kò bá jagun fún ọdún mẹ́ta, kí akọni rẹ̀ máa dín kù. Ẹni tó bá ń ja ogun òdòdó lọ́dọọdún, kò ní pẹ́ kó ṣàìní ọ̀gágun.

Lórí ìrúbọ, ẹ yọ òǹkà tó ń fúnni ní "ìdúróṣinṣin" kúrò. Ohun ìṣèlú tó hàn gbangba ni. Nígbà ìṣílé tẹ́ńpìlì ńlá ní 1487, Ahuitzotl pe àwọn ọba ìlú míì, títí kan ọ̀tá, kí wọ́n wá wò ó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ìlú tó rán aṣojú wá, Ẹ̀rù rẹ̀ fi 15 ga. Ìlú tí wọ́n ti mú ìgbèkùn náà, Ìbínú rẹ̀ fi 10 ga, kò sì ní tètè dínkù. Àjọ̀dún Iná Tuntun, tó ń wáyé lẹ́yìn ọdún 52, bọ́ sí 1455 àti 1507. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló máa ṣẹlẹ̀ nínú géèmù yín, ẹ jẹ́ kó wúwo: wọ́n á pa gbogbo iná ìlú, wọ́n á dá tuntun lórí òkè, ọba á sì ná ohun tó pọ̀ láti ṣe é.

Ọmọ Ìtàn:

Mo gbà pẹ̀lú Jagunlabí, àmọ́ ó ku ọ̀rọ̀ Tlaxcala, ìlú ọ̀tá tí Aztec ń bá ja ogun òdòdó. Kò yẹ kó dà bíi pé ibi ìdánrawò lásán ni. Wọ́n ká ìlú náà mọ́, wọ́n dí ọ̀nà iyọ̀, òwú àti kòkó mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fi bọ́tìnnì "dí ọjà" síbẹ̀: agbára Tlaxcala á dín díẹ̀díẹ̀, Ìbínú rẹ̀ á dé 100, kò sì ní wálẹ̀ mọ́ títí géèmù fi máa parí. Kí ẹni tó ń gbá a mọ ohun tó ń rà. Má sì gbàgbé ìjọba Tarasco ní ìwọ̀ oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Tzintzuntzan. Wọ́n fọ́ ogun Axayacatl yángá. Ibẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ odi tí a kò lè fi agbára lásán wó.

Alákóòdù:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti 1519. Cortés mú nǹkan bí 500 ọmọ ogun àti ẹṣin 16 wá. Tẹ́ ẹ bá fi ọmọ ogun 500 yẹn kojú 50,000, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa parí. Ẹ má ṣe fún un ní agbára àgbàyanu. Ẹ fún un ní àṣẹ láti bá ìlú sọ̀rọ̀. Lóṣooṣù, ìlú tó bá wà láàárín ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí i máa fi Ẹ̀rù àti Ìbínú rẹ̀ ṣe ìpinnu. Àwọn Totonac ní etíkun ló kọ́kọ́ darapọ̀. Cortés ní kí wọ́n mú àwọn ajẹ́lẹ̀ Moctezuma, ọba Aztec nígbà náà, wọ́n sì mú wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gé Ẹ̀rù gbogbo ìlú àyíká ní 20. Tlaxcala kọ́kọ́ bá a jà, kó tó di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Texcoco ńkọ́? Nezahualpilli, ọba ibẹ̀, kú ní 1515, Moctezuma ti ọmọ rẹ̀ Cacama lẹ́yìn láti jọba, Ixtlilxochitl, ọmọ Nezahualpilli míì, sì bínú. Òun ló wá ran Cortés lọ́wọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìpín Texcoco láti 1470 á rí èso rẹ̀ níbí.

Ṣọ̀pọ̀ná wọlé ní 1520, ó sì pa Cuitlahuac, ọba tó jẹ lẹ́yìn Moctezuma. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ojú ọ̀nà ọjà láti ìlú dé ìlú, kó má bẹ́ sílẹ̀ níbi gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Ìdótì 1521 gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta: ọkọ̀ ojú omi 13 tí wọ́n kàn ní Tlaxcala tí alárù sì gbé wá sí Texcoco, omi mímu ìlú tó ń ti Chapultepec wá tí wọ́n gé, àti ìlú etí adágún tó yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí Texcoco kò bá yí padà, ọkọ̀ náà kò ní ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Ọ̀nà tí ẹni tó ń gbá a fi lè borí nìyẹn, láìsí irọ́.

Àṣìṣe kan wà tó máa yọjú dájúdájú. Tí gbogbo ìlú bá ní ààlà ọ̀tẹ̀ kan náà, ikú ọba kan á fa ọ̀tẹ̀ ìlú 30 lóṣù kan. Ẹ fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, kó fi tó 15 yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, ẹ sì yẹ ìpinnu náà wò kìkì ní oṣù tí ìsákọ́lẹ̀ rẹ̀ bá tó san. Ìyẹn á tún dín iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kù. Èkejì, ìjọba tí kọ̀ǹpútà ń darí á máa gbé ìsákọ́lẹ̀ dé góńgó, torí owó nìkan ló ń rí. Ẹ jẹ́ kó yọ iye tí ogun ìṣẹ́gun-padà máa ná an kúrò nínú owó náà kó tó pinnu.

Ìlú abẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà alárù, lẹ́yìn náà ikú ọba. Ẹ fi Sípéènì sílẹ̀ títí ìwọ̀nyẹn fi máa ṣiṣẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí géèmù dá ara rẹ̀ gbá nígbà 50 láìsí èèyàn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo 1519: tí ìjọba bá ní ìlú abẹ́ 20 sí 45 nínú púpọ̀ wọn, Ẹ̀rù ti wà ní ìwọ̀n. Tó bá ń lé ní 45 nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ kó máa fi 2 dín lóṣooṣù dípò 1. Tí ìjọba bá ti tú ká kí 1480 tó dé, ẹ dín àjáwálẹ̀ ìgbà ikú ọba láti 40 sí 30, kẹ́ ẹ tún un gbá.