Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí iṣẹ́ kóòṣì

Ẹ̀yin ará, mo bi yín lóṣù tó kọjá bóyá ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò kọjá ti yunifásítì ní Amẹ́ríkà níbí lè di kóòṣì. Ẹnì kan ní kí n wo Anson Dorrance: North Carolina ló ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó ń kàwé, òun náà ló kó àwọn obìnrin Amẹ́ríkà gba Ife Àgbáyé wọn àkọ́kọ́ ní 1991. Ìyẹn kì mí láyà.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ o! Àwọn ọmọ ọdún 9 ni wọ́n fún mi. 7 sí 7 la ń gbá, wọn ò sì gbọdọ̀ forí kan bọ́ọ̀lù. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn ọmọ ò yọ mí lẹ́nu, àfi àwọn òbí tó ń pariwo létí pápá. Ẹ ṣeun, ìbéèrè mi ti parí.