MRI pọ́rọ́sítéètì bàbá mi ò mọ́, ṣé ká tún un yà?

Okun o gbogbo ilé. Bàbá mi ní Kàbà ni wọ́n rí jẹjẹrẹ pọ́rọ́sítéètì lára wọn, Gleason 7 (ìwọ̀n bí jẹjẹrẹ náà ṣe le tó). A ya MRI, rìpọ́ọ̀tì ní bóyá T3a, pé ó jọ pé ó ti yọ kọjá èèpo ẹ̀, àmọ́ gáàsì inú ìdí àti irin tó wà ní ìbàdí wọn látìgbà tí ọ̀kadà ti gbá wọn ti ba DWI (àwòrán MRI tó ń fi bí omi ṣe ń rìn nínú ẹran ara hàn) jẹ́, ńṣe ló wọ́ tó tún dúdú lápá ẹ̀yìn gan-an tí wọ́n fẹ́ wò. Mo gbé CD ẹ̀ fún radiologist (dókítà tó ń ka àwòrán) míì, ó ní PI-QUAL ẹ̀, ìyẹn máàkì bí àwòrán MRI pọ́rọ́sítéètì ṣe dára tó, kéré, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Owó MRI ẹ̀ẹ̀kejì kì í sì í ṣe owó ẹ̀wà o! Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá fún wọn ní enema (oògùn tí wọ́n ń fà sí ìdí láti fọ ìgbẹ́ àti gáàsì kúrò) àti abẹ́rẹ́ hyoscine (tó ń mú kí ìfun dúró jẹ́ẹ́) ká tó tún un yà, ṣé á mọ́ tó láti mọ̀ bóyá T2 (pé ó ṣì wà nínú èèpo ẹ̀) ni àbí T3a, àbí irin yẹn á ṣì bà á jẹ́?