Ìfúnpá kọ́ ni géèjì táǹkì ń kà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan nínú àwa tí à ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún sáyẹ́ǹsì dábàá pé, tí a bá ń ṣírò gáàsì tó jáde nínú táǹkì háídírójìn, kí a pe ohun tí géèjì ń kà ("pressure" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "ìfúnpá", kí a sì pe gáàsì tó jáde ní "ìwọ̀n tó dínkù". N kò fara mọ́ méjèèjì.

Apá wà nínú ìfúnpá. Ohun tí à ń dè mọ́ apá ni kó tó di ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ tiwọn náà sì ń fún apá lóòótọ́. Ní ti táǹkì, gáàsì inú rẹ̀ ló ń ti ògiri rẹ̀ síta. "Ipá ìtì" ni tèmi. Ẹni tó bá ní òun ń rántí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, "ipá" tó ṣáájú ti là á.

"Ìwọ̀n" gan-an ló ká mi lára, torí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ wo táǹkì tó gba lítà 100. Ní digíríì 15, bí ipá ìtì bá jẹ́ 700 bar (bar la fi ń wọn ipá ìtì), háídírójìn inú rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlò 4. Ẹ lò ó títí abẹ́rẹ́ géèjì fi sọ̀ dé 350, kí ẹ jẹ́ kí táǹkì padà sí digíríì 15. Abẹ́rẹ́ ti dé ìdajì, síbẹ̀ kìlò 2.4 ló ṣẹ́ kù, 1.6 péré ló jáde! Bí a bá ki háídírójìn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹyọ rẹ̀ a máa ti ara wọn, ipá ìtì a sì ga ju bí gáàsì ṣe pọ̀ tó lọ. Tí "ìwọ̀n" bá ń jẹ́ ti abẹ́rẹ́, tó tún ń jẹ́ ti kìlò, báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ èyí tí yóò yọ kúrò nínú èwo?

Kí "ìwọ̀n" jẹ́ ti kìlò nìkan. "Àṣẹ́kù" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Èyí tó jáde, kí ó jẹ́ "àyọ": yọ àṣẹ́kù kúrò nínú ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, àyọ lo rí yẹn. Ẹ bá mi fi àmì sí i dáadáa, kí wọ́n má kà á sí ayọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò rí mú. Bí gáàsì bá ń jáde kíákíá, táǹkì a tutù, abẹ́rẹ́ a sì sọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ó bá sinmi díẹ̀, abẹ́rẹ́ a tún gòkè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rọ gáàsì kún un. Mo ti ń pe èyí ní "ìgbérí abẹ́rẹ́", ṣùgbọ́n ooru tó padà wọlé ló fà á, ọ̀rọ̀ mi kò sì dárúkọ ooru rárá. Ta ló ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀?