Ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì: báwo ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ń lò ó?

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, Iléṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ àwọn SS3 bí Ẹ̀bólà ṣe ń lo ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì. Ṣé oògùn wà tó ń kọjú ìjà sí ọ̀rá náà?

Ará Láàbù, Ilé-Ifẹ̀: Ọ̀rá kan wà tó ń jẹ́ phosphatidylserine. Apá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú ló máa ń yọ síta, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn lè gbé òkú náà mì. Ẹ̀bólà gbé ọ̀rá yìí wọ̀ bí ẹ̀wù, wọ́n sì gbé òun náà mì. Nínú àpò tí sẹ́ẹ̀lì fi gbé e mì ló ti ń dì mọ́ NPC1, purotéènì tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (ọ̀rá mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì) jáde. Láìsí NPC1, Ẹ̀bólà kò lè ráyè jáde nínú àpò náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì gan-an.

Apòògùn: Nínú àwo láàbù, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ methyl-β-cyclodextrin máa ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yọ, àkóràn ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì á sì dínkù. Ẹ dá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà: bí àkóràn bá padà, àìsí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ló fa àdínkù náà lóòótọ́. Àmọ́ tí kẹ́míkà náà bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á kú, torí ọ̀rá tiwa ni. Ìṣòro ńlá nìyẹn! Oògùn Ẹ̀bólà méjì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020, purotéènì fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n dojú kọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Ará Láàbù: Ẹ fi ti ọwọ́ fífọ̀ kún un, Olùkọ́. Ọṣẹ àti ẹtánọ́ọ̀lù 60 sí 80% ń tú ẹ̀wù ọ̀rá Ẹ̀bólà àti Lásà ká. Pólíò kò ní ẹ̀wù ọ̀rá, ẹtánọ́ọ̀lù kì í tètè ràn án.