Sítéènì elépo àti fáníìṣì olómi lórí ilẹ̀ onípákó: ṣé wọ́n á bára mu?

Ọmọ Ìjọ́ka
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ pákó ló gbé mi wá. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá wa àgbà ní Ìjọ́ka, n'Íléṣà, la ń tún ṣe. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ òkè, káfíńtà sì ní ìrókò ni. Ẹ̀bá fèrèsé tí òjò ń jò sí nìkan ló jẹrà, wọ́n ti fi ìrókò tuntun dípò ibẹ̀. Àmọ́ tuntun pupa rúsúrúsú, ti àtijọ́ dúdú.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ àwọ̀ kọfí, torí náà mo ra sítéènì elépo, ìyẹn àwọ̀ tó ń wọnú igi. Ẹni tó tà á fún mi tún gbé fáníìṣì olómi, ìyẹn ohun dídán tí wọ́n ń kùn borí igi, lé e, ó ní kì í rùn, kì í sì í pọ́n. Káfíńtà ní lákà ló máa fín sí i bó ti ń fín àga. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká má wulẹ̀ yọ pọ́líìṣì pupa tí màmá àgbà fi ń dán ilẹ̀ náà láyé ìjọ́un, ká ṣáà kùn ún lé e. A fẹ́ kó parí kí Kérésì tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló bá èwo mu?

Káfíńtà Òkèṣà
Ẹ kú iṣẹ́ ilé. Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ rárá, pọ́líìṣì pupa yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà. Ìda ló wà nínú rẹ̀. Kò sí fáníìṣì tó ń lẹ̀ mọ́ ìda, ìbáà jẹ́ elépo, ìbáà jẹ́ olómi. Á máa sá fún ojú ibẹ̀, á dá ihò róbótó-róbótó, bó bá sì gbẹ tán, èékánná lásán á ṣí i. Ẹ rẹ aṣọ funfun sínú tápẹ́ńtáìn, kẹ́ ẹ fi nu igun kan. Bí aṣọ bá pọ́n, ìda ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ máa nù ún, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ, títí kò fi ní pọ́n mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ̀rọ tó ń ha pákó tó wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ kọ́kọ́ gbé sí i, ooru rẹ̀ á yọ́ ìda wọnú igi, á sì dí sáńpépà pa.

Sáńpépà nọ́ńbà 40 la fi ń bẹ̀rẹ̀, ká bọ́ sí 60, ká bọ́ sí 80, ká fi 100 tàbí 120 parí. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi 220 dán an kí sítéènì tó kàn án. Ojú igi á dí, àwọ̀ ò ní wọlé. Ẹ bo imú yín o! Eruku ìrókò ń dá ikọ́ sí èèyàn lọ́rùn, ó sì ń yúnni lára.

Ti pé tuntun ò jọ ti àtijọ́, ẹ fara balẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ha ti àtijọ́ tán, òun náà á mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ló wà lára ohun tó sọ ọ́ di dúdú, yóò sì ṣe tuntun náà bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé mi ò ní fi sítéènì kan ìrókò rárá. Kí lẹ fẹ́ fi kọfí ṣe lórí igi tó máa dúdú fúnra rẹ̀?

Bọ̀dá Ọlọ́dà, Lágéré
Ẹni tó tà á fún yín ò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Fáníìṣì olómi lè gun orí sítéènì elépo, bí sítéènì ọ̀hún bá gbẹ dénú. Bí kò bá gbẹ, á ṣù jọ, tàbí kó bó lẹ́yìn ọ̀la. Agolo kan á kọ wákàtí 24, òmíràn á kọ 72, àmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ni wọ́n ń wí, kì í ṣe inú òjò oṣù Ọ̀wàrà n'Íléṣà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ṣì ń rùn, kò tíì gbẹ. Ẹ fi aṣọ funfun ra ojú rẹ̀. Bí aṣọ bá gba àwọ̀, kò tíì gbẹ. Ọmọ Òṣómàáló lẹ kúkú jẹ́, ẹ lóṣòó tì í.

Polyurethane elépo, oríṣi fáníìṣì kan, ló rọrùn jù lórí sítéènì elépo. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń rùn, ó ń pẹ́ gbẹ, ó sì ń pọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún. Lórí ìrókò, pípọ́n yẹn ò ṣe nǹkan kan. Orí igi funfun bí arère ni ìbá ti hàn.

Lákà dáa fún àga. Fún ilẹ̀, ẹ bẹ káfíńtà yín kó fi í sílẹ̀. Tínà rẹ̀ le, á tú sítéènì elépo tí kò gbẹ ká, bó bá sì bá fáníìṣì elépo lábẹ́, á hun ún jọ. Lásìkò òjò, ó tún lè funfun bọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fín in tán. Ẹsẹ̀ àga á sì máa fọ́ ọ.

Ará Mọ̀dákẹ́kẹ́
Ẹ fi kẹrosíìnì la fáníìṣì elépo, owó á dínkù. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bọ̀dá Ọlọ́dà, Lágéré
Gbogbo yín dà? Kẹrosíìnì ń fi òróró sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ẹlòmíì fi ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ àlejò. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni kẹ́ ẹ fi là á, bó bá tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ là á.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ kú ìjíròrò. Lílẹ̀ yẹn lè má jẹ́ ẹ̀bi kẹrosíìnì nìkan. Fáníìṣì elépo kì í gbẹ bí aṣọ tí wọ́n sá. Afẹ́fẹ́ oxygen ló ń fà mọ́ra kó tó le. Ìrókò sì ní èròjà kan nínú, chlorophorin, tó ń dí i lọ́wọ́. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kun ìrókò tuntun, tí ojú rẹ̀ á máa rọ̀ ṣáá.

Ẹ fi tínà nu pákó tuntun dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ tó kùn ún. Bẹ́ ẹ bá rí shellac, ẹ fi ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́ pààlà sáàárín igi àti fáníìṣì. Ara kòkòrò kékeré kan ní Íńdíà ni wọ́n ti ń rí i, sípíríìtì la fi ń yọ́ ọ, ó sì ń gba elépo àti olómi lórí. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti yọ ìda rẹ̀, torí oníìda ò bá polyurethane ṣe.

Kẹ́ ẹ sì dán an wò lórí àjákù pákó, láti sáńpépà títí dé fáníìṣì ìkẹyìn, kì í ṣe sítéènì nìkan. Bó bá gbẹ, ẹ fi abẹ kọ ọ́ ní àgbélébùú, ẹ lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fà á yọ. Bí fáníìṣì bá bá téèpù wá, ẹ má gbé e dé orí ilẹ̀.

Àǹtí Ìsọ̀kùn
Aṣọ tẹ́ ẹ bá fi nu sítéènì elépo, ẹ má ká a jọ sí igun ilé o. Ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i! Ẹ sá a lọ́kọ̀ọ̀kan síta, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi. Ilé pákó mà ni.

Ọmọ Ìjọ́ka
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Aṣọ funfun pọ́n kankan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fúnra wọn ló ń nù ún báyìí. Ọ̀rọ̀ kọfí ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gbà ká fi àjákù mẹ́ta wò ó: ọ̀kan láìsí sítéènì, ọ̀kan oníkọfí pẹ̀lú elépo, ọ̀kan oníkọfí pẹ̀lú olómi. Ìgbà wo la lè dá rọ́ọ̀gì padà?

Káfíńtà Òkèṣà
Ẹ kun fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta, kó fẹ́lẹ́. Ibí yìí ni 220 ti wúlò, ẹ rora fi kàn án láàárín ìkùn kan sí ìkejì. Ẹ fi igi ro agolo, ẹ má mì í, ìfófòó á gbẹ sójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè fi ìbọ̀sẹ̀ rìn ín. Àga di ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ gbé e, ẹ má wọ́ ọ. Rọ́ọ̀gì tó nǹkan bí oṣù kan fún elépo, bí ọ̀sẹ̀ méjì fún olómi. Ẹ yáa ka oṣù yẹn padà sẹ́yìn láti Kérésì, kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ìkùn ìkẹyìn bọ́ sí.