Kí ló dé tí wọ́n ní Huntsville ní Texas kì í ṣe metropolitan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi

Ọmọ_Ṣàgámù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àbúrò mi ọkùnrin rí admíṣọ̀n gbà sí Sam Houston State University ní Huntsville, Texas, inú gbogbo wa ń dùn, la bá jókòó ti fóònù lálẹ́ àná ká wo irú ìlú tó ń lọ. Gbogbo ibi tá a wò ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Houston jẹ́ "metropolitan", Huntsville jẹ́ "micropolitan". Bàbá wa gbọ́ "micro" yẹn, wọ́n ní ṣé abúlé ni wọ́n wá ń gbé ọmọ àwọn lọ báyìí. Mo wo iye èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020, ó fẹ́ẹ̀ tó 46,000, ìyẹn ò kúkú kéré. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé mo rí káúńtì kan tó ń jẹ́ Hudspeth, aṣálẹ̀ gbalaja ni, èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi 3,000 lọ, wọ́n sì kà á mọ́ metropolitan El Paso! Báwo ni ibi tí èèyàn 3,000 wà ṣe máa wọlé, tí ìlú 46,000 á wà níta? Ta ló ń pín in gan-an, ṣé gómìnà wọn ni? Bàbá ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, mi ò rí èsì fún wọn.

Tísà_Jọ́gíráfì:
Àbúrò, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á mú un débẹ̀ láyọ̀.

Kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe ilé aṣòfin Texas. Ọ́fíìsì kan wà ní Washington tí wọ́n ń pè ní OMB, àwọn ló ń bá ààrẹ Amẹ́ríkà ṣètò bọ́jẹ́ẹ̀tì, àwọn náà ló ń ṣe òfin bí wọ́n ṣe ń pín metropolitan àti micropolitan yìí, Census Bureau ló sì ń ka èèyàn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Òṣùwọ̀n kan náà ni fún gbogbo ìpínlẹ̀. Metropolitan ti wà láti 1949, wọ́n ń múra ìkànìyàn 1950 nígbà náà, àmọ́ micropolitan ò tíì pẹ́, 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn ìlú ẹ̀ jáde.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ìlú ni wọ́n ń kó jọ. Káúńtì ni. Fi wé lókàá gọ́fúmẹ́ǹtì wa, àfi pé Texas nìkan ní 254, tiwa ní Ògùn jẹ́ 20. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí ilé ti fara kan ilé, tí èrò ti pọ̀, ìyẹn ni wọ́n máa fi ṣe àárín. Tí èèyàn ibẹ̀ bá tó 50,000, metropolitan ni. Tó bá tó 10,000 ṣùgbọ́n tí ò tó 50,000, micropolitan ni. Káúńtì tí àárín yẹn bọ́ sí ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, ti Huntsville ń jẹ́ Walker. Torí náà kò sí ọ̀rọ̀ abúlé níbẹ̀ rárá, ẹ sọ fún Bàbá kí ọkàn wọn balẹ̀, díẹ̀ ló kù kí Huntsville tó ààlà.

Ti Hudspeth wá nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú káúńtì àárín, wọ́n á wo àwọn káúńtì tó yí i ká, wọn ò sì ní bi wọ́n pé "ẹ pọ̀ tó mélòó", ohun tí wọ́n máa bèèrè ni pé ibo lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Nínú èèyàn mẹ́rin tó ń gbé káúńtì náà tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́, tó bá ti tó ẹnì kan tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní káúńtì àárín, wọ́n á fà á wọlé. Tàbí kó jẹ́ pé ìdá mẹ́rin iṣẹ́ tó wà ní káúńtì náà, àwọn tó ń ti àárín wá ló ń ṣe ìdá kan ẹ̀. Aṣálẹ̀ ni o, igbó ni o, kò kàn wọ́n. Huntsville wá ní àárín tiẹ̀, àwọn tó ń ti Walker lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà Houston ò sì tó ẹnì kan nínú mẹ́rin, ìdí nìyẹn tó fi dá dúró.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde:
Tísà, ẹ má bínú o, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ẹ wo Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó, Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù, Òde ni wọ́n ń wá, ọ̀nà á dí, kò ní sí yàrá tó ṣófo ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn èèyàn yìí kọ́lé síbí, ibí ni wọ́n ń sin òbí wọn sí. Ṣé òṣùwọ̀n àwọn Amẹ́ríkà yìí ò ní ka ìyẹn sí nǹkan kan ni? Lójú tèmi, ibi tí ọkàn èèyàn wà ló yẹ kí wọ́n fi ka ìlú ẹ̀.

Tísà_Jọ́gíráfì:
Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa, èmi náà kọ́lé sílé. Ṣùgbọ́n rárá, kò sí àyè fún ìyẹn nínú tiwọn. Ìwé ìbéèrè kan wà tí Census Bureau ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé kan lọ́dọọdún, wọ́n á bi èèyàn pé lọ́sẹ̀ tó kọjá níbo lo ti ṣiṣẹ́, kí lo wọ̀ débẹ̀, aago mélòó lo kúrò nílé. Ti ọdún márùn-ún ni wọ́n ń kó pọ̀ kó lè dúró dáadáa. Ẹ ronú sí Mowe àti Ibafo, Ògùn ni wọ́n lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ yẹn ní aago márùn-ún ìdájí kẹ́ ẹ wo ibi tí gbogbo mọ́tò dojú kọ. Ká ní òfin tiwọn la ń lò, a ò ní wo ti ààlà ìpínlẹ̀ mọ́ wọn lára. Tiwọn náà ń kọjá ààlà bẹ́ẹ̀, Texarkana wà ní Texas, ó wà ní Arkansas, metropolitan kan ṣoṣo sì ni.

Ìyá_Alákàrà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Mo ti ń dín àkàrà nítòsí páàkì Mọ́balùfọ̀n láti 2011, kí epo mi tó gbóná láago mẹ́rin ààbọ̀ ni àwọn kan ti máa ń dúró. Mo mọ àwọn tó ń lọ Èkó lójoojúmọ́, báàgì wọn kékeré, wọn kì í jókòó, owó ti wà lọ́wọ́ wọn géérégé torí wọn ò ní dúró gba ṣéńjì, inú búrẹ́dì ni wọ́n máa ní kí n fi àkàrà sí, wọ́n sì ti wọ mọ́tò nìyẹn. Àwọn tó ń lọ ní Mọ́ńdè tí wọ́n ń bọ̀ ní Fráídè, báàgì wọn á wú, aṣọ á wà ní háńgà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ra gààrí dání. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Ìyàwó wọn ń bẹ níbí, ọmọ wọn ń lọ sí ilé ìwé níbí. Ibo ni wọ́n máa ka àwọn yẹn sí?

Tísà_Jọ́gíráfì:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan tẹ́ ẹ ń wò láti 2011 yẹn gan-an ni wọ́n ń fi ìwé wọn wá.

Lọ́dọ̀ wọn, ibi tí èèyàn ti ń sùn jù ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ jẹ́ ká kà á: Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, alẹ́ mẹ́rin ní Èkó. Fráídè, Sátidé, Sọ́ńdè, alẹ́ mẹ́ta nílé. Èkó ni wọ́n máa kà á sí, bí ìyàwó ẹ̀ tiẹ̀ wà ní Òde. Ìyẹn túmọ̀ sí pé wọn ò ní kà á mọ́ àwọn tó ń ti Ìjẹ̀bú lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, á kàn jọ pé ìtòsí ibi iṣẹ́ ẹ̀ ló ń gbé. Ó ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá rò ó, torí ilé tí ọkùnrin yẹn ń fi owó ẹ̀ gbọ́ ò sí níbi tí wọ́n kà á sí.

Òfin kan náà ló máa mú àbúrò Ọmọ_Ṣàgámù o. Tí ìkànìyàn bá bá a ní yunifásítì, Huntsville ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, wọn ò ní kọ ọ́ sílé ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, ibi tí wọ́n dè wọ́n mọ́ ni wọ́n ń kà wọ́n sí, ọgbà ẹ̀wọ̀n sì pọ̀ ní Huntsville, iye tẹ́ ẹ rí yẹn, tiwọn wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ìperu:
Ṣé orúkọ yìí tiẹ̀ ń bu oúnjẹ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni? Kí ló wá kàn wọ́n bóyá micro ni tàbí metro?

Tísà_Jọ́gíráfì:
Ó ń bu oúnjẹ gan-an ni. OMB fúnra wọn ní torí kí wọ́n lè ka nǹkan ni àwọn ṣe é, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀ ló ń bá a lọ. Àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, wọ́n ń fi metropolitan ṣírò iye tó yẹ kí owó ilé jẹ́ kí wọ́n tó ran tálákà lọ́wọ́. Ní January 2021, OMB ní àwọn fẹ́ gbé ààlà 50,000 yẹn sókè sí 100,000. Metropolitan 144 ni ì bá bọ́ sí micropolitan lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Àwọn ìlú kéékèèké kọ lẹ́tà, àwọn aṣòfin pariwo, nígbà tó fi máa di July ọdún yẹn wọ́n ti jọ̀wọ́ ẹ̀, 50,000 ló ṣì wà títí di ìpín tuntun tó jáde ní July 2023. Mo fara mọ́ àwọn tó pariwo, torí ìlú ò kéré sí i, ìwé nìkan ló fẹ́ yí padà.

Tiwa wá ń kó ìrònú bá mi. 2006 la ka èèyàn gbẹ̀yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lè dìbò. Láti ìgbà yẹn, ẹ wo bí Ṣàgámù ṣe fẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ògìjo, a ò sì ní ìwé kankan tó máa sọ fún wa iye èèyàn tó ń jí níbẹ̀ láàárọ̀ àti ibi tí wọ́n ń gbà lọ, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Ọmọ_Ṣàgámù:
Ẹ ṣeun gan-an, Tísà, ẹ ṣeun, Màmá. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí Bàbá létí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní báwo ni Huntsville ṣe jìnnà sí Houston, mo ní nǹkan bíi 70 máìlì, wọ́n ní ìyẹn fẹ́ẹ̀ tó Èkó sí Ìbàdàn, kí àbúrò mi wá yàrá sítòsí yunifásítì, kó má lọ máa jí láago mẹ́rin ìdájí bí àwọn oníbàárà Màmá.