Ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti ya, ó ń wọ́ nílẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkẹyìn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láti àná ni nǹkan kan ti ń ha ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ mi bí mo bá ti ń sáré. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo rí i pé pẹpẹ ike dúdú tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti ya níwájú, apá òsì rẹ̀ sì ti já. Mo rántí pé mo gun òkìtì yìnyín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fà á ya dànù, pé kò wúlò fún nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀? Mi ò tí ì wọ abẹ́ ọkọ̀ rí.

Bọ̀dá Sípánà:
Àbúrò, kú ewu. Kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná: má wa ọkọ̀ yẹn lójú títì eléré báyìí. Atẹ́gùn á máa kó sínú ike náà, á máa fà á títí yóò fi já, ó sì lè kó sábẹ́ táyà rẹ tàbí kó lọ bá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wá okùn ike tí wọ́n fi ń di wáyà, fi so ó sókè kí o fi lè délé. Ṣùgbọ́n má so ó mọ́ páìpù èéfín o, ooru ibẹ̀ á yọ́ ọ.

Ẹni tó ní kí o fà á dànù ṣì ọ́ lọ́nà. Ike yẹn ló ń dí omi àti ẹrẹ̀ títì lọ́nà kó má baà máa fọ́n sára bẹ́líìtì àti alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ọkọ̀ níná. Bẹ́líìtì tó bá rin máa ń yọ̀, á sì máa han. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù náà ń bẹ, irin àti ojú wáyà ló ń jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, òun ló tún ń darí atẹ́gùn iwájú kó lè gba inú rédíétọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kí atẹ́gùn abẹ́ ọkọ̀ sì máa lọ gbọnrangandan. Ọkọ̀ á rìn láìsí i, lóòótọ́. Ariwo á pọ̀ sí i, ọkọ̀ á máa bá atẹ́gùn jà, àwọn ohun tó wà lókè á sì máa jìyà.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, bí Bọ̀dá ṣe sọ ọ́ ló rí. Kí o tó ra òmíràn, mọ èyí tó ya gan-an. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, àṣé wọ́n lè tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ti abẹ́ bọ́ńpà, ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti abẹ́ gíà, àti èyí tó wà nínú ihò táyà lọ́tùn-ún lósì. Ti bọ́ńpà ni mo rà nígbà tó jẹ́ pé ti ẹ́ńjìnnì ló já, mo sì pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì lórí kí n dá a padà.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ẹyọ 17 lápapọ̀, ni kí o fún ẹni tó ń tà á. Wò ó nínú ìwé ọkọ̀ rẹ. Orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ nìkan kò tó, torí ọkọ̀ ọdún kan náà lè ní oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì, kí ike wọn má sì dọ́gba. Tí o bá ti yọ ti àtijọ́, yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀yà sí i.

Ọmọ Ìkẹyìn:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti rí nọ́ńbà náà, mo sì ti béèrè fún un. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa tú u?

Bọ̀dá Sípánà:
Ilẹ̀ títẹ́jú tó le ni kí o gbé ọkọ̀ sí. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Fa bíréèkì ọwọ́, fi igi tó nípọn há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ibi tí ìwé ọkọ̀ bá júwe nìkan ni kí jáàkì ti gbé e. Tó bá ti gòkè, ti ẹsẹ̀ irin méjì sábẹ́ rẹ̀, sọ ọkọ̀ lé wọn, kí o sì fọwọ́ mì í wò dáadáa kí o tó wọlé. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Jáàkì lè yẹ̀, epo inú rẹ̀ lè jò, ọkọ̀ kì í sì í kígbe kó tó wó lé ènìyàn. Bí o kò bá ní ẹsẹ̀ irin, dúró di ìgbà tí o bá rí yá.

Oríṣi ìdè méjì ni wàá bá níbẹ̀. Bóòtù ni àkọ́kọ́, sípánà 10 ló sábà máa ń bá a mu, tàbí síkúrù tí orí rẹ̀ dà bí ìràwọ̀. Èkejì ni klíìpù ike, tó ní ìṣó kékeré láàárín. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń lo agbára tí wọ́n fi ń fọ́ ọ. Ìṣó àárín ni kí o kọ́kọ́ fi sukúdíráfà pẹlẹbẹ gbé sókè. Bó bá ti yọ, ara klíìpù á dẹ̀, á jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tí o bá ń dá a padà, jẹ́ kí ìṣó náà yọ síta ná, ti klíìpù wọ ihò, kí o wá tẹ ìṣó wọlé títí yóò fi bá orí rẹ̀ dọ́gba. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ńṣe lo máa tẹ àárín wọn wọlé kí wọ́n tó tú, nítorí náà wò ó dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Wọ dígí ààbò. Iyanrìn tó ti kó jọ sórí ike yẹn á dà sí ọ lójú, ó dá mi lójú.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù nìyí: ra ìdè tuntun pọ̀ mọ́ ike tuntun. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo ti tú, ìdè kan tàbí méjì ti sọnù lára wọn tipẹ́ kí òkúta tàbí yìnyín tó kàn wọ́n. Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì á tú mẹ́fà, á dá mẹ́rin padà. Ike á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ihò á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí nǹkan kékeré kan á fi fà á ya. Ike tuntun lórí ìdè àtijọ́ kò ní pẹ́.

Ọmọ Ìkẹyìn:
Bọ̀dá, mo wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí, ọkọ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ irin gidi. Klíìpù jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bóòtù kan ń yí láìjáde. Mo ti yí i tó ogún ìgbà.

Bọ̀dá Sípánà:
Dúró, má yí i mọ́. Nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ tó gbá etí irin mú bí ẹnu púláyà ló ń bá a yí, ìpẹtà ti mú wọn pọ̀. Fọ́n epo tó ń tú ìpẹtà sí i, jẹ́ kó jókòó fún wákàtí kan. Fi púláyà di nọ́ọ̀tì náà mú láti òkè, mú bóòtù le díẹ̀ kí o tó tú u. Tó bá ṣì kọ̀, gé orí bóòtù náà. Nọ́ọ̀tì yẹn kò wọ́n, òmíràn tuntun á há síbẹ̀. Fi gíríìsì díẹ̀ ra ojú bóòtù tuntun, ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ mìíràn á dúpẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ya, ṣùgbọ́n kò tó ti àbúrò wa yìí. Ṣé kò ṣeé rán?

Bọ̀dá Sípánà:
Ó ṣeé rán, mà, bí ibi tí wọ́n ti ń dè é kò bá tíì já. Ẹ fi dríìlì lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó ya kó má baà tẹ̀ síwájú, ẹ lu ihò sí apá méjèèjì, kí ẹ wá fi okùn ike dúdú rán an bí ẹni ń rán aṣọ. Ibi tí ihò bóòtù bá ti fẹ̀, wáṣà ńlá á mú un. Ẹ má fi owó ra gọ́ọ̀mù: bí ẹ bá rí PP lẹ́yìn rẹ̀, àmì ike tí wọ́n ń pè ní polypropylene, irú ike bẹ́ẹ̀ kì í gba gọ́ọ̀mù lásán. Tó bá jẹ́ irú tó dà bí aṣọ nípọn, tí ọ́ìlì sì ti rin ín gbindin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí ó lè gbiná.

Ọmọ Ìkẹyìn:
Ó ti jáde! Ṣùgbọ́n mo rí omi aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ti gbẹ mọ́ inú ike àtijọ́, lápá ọ̀tún.

Bọ̀dá Sípánà:
A dúpẹ́ pé o wò ó. Ó jọ omi rédíétọ̀. Má tíì fi ike tuntun sí i. Nu gbogbo ibẹ̀ gbẹ, wo gbogbo ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ rédíétọ̀. Níbi tó bá ti rin padà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Tí o bá wá ń fi tuntun sí i, etí iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ òkè etí bọ́ńpà. Rántí bí wọ́n ṣe ń to páànù òrùlé kí òjò má baà ráyè wọlé. Bí etí ike bá kọjú sí atẹ́gùn, atẹ́gùn á máa gbọ́n ọn. Fi ọwọ́ mú gbogbo bóòtù wọ ojú ihò wọn ná kí o tó mú ọ̀kankan le. Má fún un pa.

Ọmọ Ìkẹyìn:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìdè rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ló dẹ̀. Mo ní kí mẹkáníìkì wá wò ó, ó pààrọ̀ ìdè náà, mo jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì, kò rin mọ́. Mo fi ike tuntun sí i láàárọ̀ yìí, mo ka ìdè rẹ̀ mọ́kànlá, gbogbo wọn ló pé. Mo wa ọkọ̀ lọ sójú títì eléré, mo padà wá yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀kan ti dẹ̀ díẹ̀, mo mú un le. Mo fi klíìpù mẹ́ta tó ṣẹ́ kù sínú àpótí ọkọ̀, kí n lè mú wọn dání nígbà tí mo bá lọ pààrọ̀ ọ́ìlì.